Ìgò Olóòórùn Ọsàn Lẹ́nu Ọ̀nà Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Ikọ́ ti wọ jẹ́lé-ó-sinmi mi. Ọmọ kan ló kọ́kọ́ húkọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ká tó ṣẹ́jú pẹ́, gbogbo wọn ti di ẹgbẹ́ akọrin. Kò le — imú tó ń ṣàn, ojú tó pọ́n díẹ̀ — ṣùgbọ́n ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ọmọ? Wọ́n fohùn ṣọ̀kan lẹ́nu géètì mi láàárọ̀ yìí: kí n gbé sanitáísà sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń wọlé fi pa ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ wọn kò burú. Yàrá iwájú ilé mi kò tóbi. Ibi tí ọ̀kan bá sín sí, ara gbogbo wọn ló ń dé.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìgbín. Èmi nìkan ni mò ń pè é bẹ́ẹ̀, inú ìwé yìí nìkan sì ni. Bí mo bá wà níwájú rẹ̀, Bàbá Oníṣọ́ọ̀bù ni mò ń pè é. Ọkùnrin náà kò kánjú rí láyé. Bí èèyàn bá ní kó mú ọṣẹ wá, á kọ́kọ́ kí i, á béèrè ọmọ, á béèrè orúnkún, á wá nu eruku ara ọṣẹ náà kó tó gbé e lé e lọ́wọ́. Àwọn tó ń sáré máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà ní ìkóríta. Èmi ò sáré mọ́. Mo ti tọ́ ọmọ tèmi, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo ti sin ọkọ. Ibo ni mò ń sáré lọ?

Ó mú ìgò ńlá kan fún mi, èyí tó ní pọ́ǹpù lórí. Àwọ̀ ọsàn, òórùn ọsàn. Ó ní tuntun ni, ọwọ́ àwọn èèyàn ò kúrò lára rẹ̀. Mo fẹ́ gbé e, ó kọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e tẹ̀lé mi dé ilé. Nítorí ìgò kan ṣoṣo! Rédíò sì rí wa láti ojú fèrèsé. Rédíò ni aránṣọ tí ògiri ilé rẹ̀ kan tèmi. Ọ̀rẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n ohun tó bá wọ etí rẹ̀ ti di ti gbogbo àdúgbò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Gbogbo ọmọ ń ta sánsán bí ọsàn. Inú mi dùn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ìgbín wá tún géètì ṣe. Èmi kọ́ ni mo ní kó wá. Ó ní láti ọjọ́ tí òun gbé ìgò wá ni òun ti ń gbọ́ bó ṣe ń dún. Iṣẹ́ tí ẹlòmíì á fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣe, ó lo gbogbo ìrọ̀lẹ́ lórí rẹ̀ — ó tú u, ó wò ó, ó fi epo sí i, ó tún un wò. Mo jókòó lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, mò ń to aṣọ ìnujú àwọn ọmọ. Ó ní ká ní ìyàwó òun ṣì wà láyé ni, òun ni ì bá máa di iná mú, ìyàwó òun ni ì bá máa tún géètì ṣe. Mo ní ọkọ tèmi ì bá ti ra géètì mìíràn. A rẹ́rìn-ín. Ó yà mí lẹ́nu bí òkú méjì ṣe lè wà láàárín wa tí kò sì wúwo, bí aládùúgbò tó kó lọ síbòmíràn lásán.

Mo bu tíì fún un. Oúnjẹ, kò jẹ. Kì í jẹun níbí. Ó máa ń dìde gẹ́lẹ́ bí mo bá ti gbé ìkòkò kaná, bí ẹni pé òórùn oúnjẹ ló ń lé e.

Ọmọbìnrin mi pè lórí fóònù. "Màmá, ta ló ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yín yẹn?" Mo ní ẹni tó ń tún géètì ṣe ni. Ó ní, "Ẹni tó ń tún géètì ṣe ló ń rẹ́rìn-ín báyẹn?" Mo bi í nípa iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Kò sí ọmọ lónìí. Ilé dákẹ́ bí ìgbà tí èèyàn bọ́ bàtà tó fún un. Mo fọ gbogbo ẹní, mo sá àwọn ohun ìṣeré wọn sóòrùn lórí ògiri kúkúrú ọgbà — erin kan, ọkọ̀ kan tí kò lẹ́sẹ̀, bèbí mẹ́ta tó jókòó bí ìgbìmọ̀. Mo jókòó ti àwọn náà. Kò sí ohun tí mo fẹ́ tí mi ò ní.

Àfi ọwọ́ mi. Awọ ibi oríkèé ìka ti ń sán, ó ń ta mí bí mo bá ti ki ọwọ́ bọ omi. Ọṣẹ ìfọṣọ ni, ó dájú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ọṣẹ ìfọṣọ kọ́.

Bàbá Ìbejì ló mú àwọn ọmọ rẹ̀ wá láàárọ̀ yìí, ìyá wọn ló sábà máa ń mú wọn wá. Ilé àyẹ̀wò kan ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń yẹ oògùn àti ìpara wò kí wọ́n tó jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ aráàlú. Ó tẹ pọ́ǹpù, ó fi pa ọwọ́, ó dúró. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò fa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, nǹkan funfun kan ń já bọ́ bí ìdọ̀tí ara rọ́bà tí wọ́n fi ń pa ìwé rẹ́. Ó ní, "Màmá, èyí tó dára kì í ṣe báyìí. Ó yẹ kó gbẹ lọ́wọ́ ni, kó tutù bí afẹ́fẹ́ kó sì lọ. Òórùn ọsàn yìí náà ti pọ̀ jù. Ó dà bíi pé ó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀."

Ó yí ìgò náà ká. Ó ní kí n fi han òun ibi tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sí. Kò sí. Àdírẹ́sì? Kò sí. Ọjọ́ tí yóò bàjẹ́? Kò sí. Ohun tó wà nínú rẹ̀? Àwòrán ọsàn. Lábẹ́ àwòrán náà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ó ń pa gbogbo kòkòrò pátápátá. Ó ní ẹni tó bá ṣe é dáadáa kò ní í sọ bẹ́ẹ̀. Á kàn kọ ìwọ̀n ọtí tó wà nínú rẹ̀, ọtí náà sì gbọ́dọ̀ ju ìdajì lọ dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi ọsàn lásán ni a fi ń para.

Ó bu díẹ̀ sínú ìgò kékeré, ó ní òun máa gbé e lọ sí ibi iṣẹ́. Mo ní kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi díẹ̀ — kì í ṣe sí ìgò. Sí Bàbá Ìbejì! Bí ẹni pé ọmọ mi ló fẹnu bà. Mo ní, "Ẹni tó tà á fún mi kì í ṣe ẹni burúkú." Ó wò mí. Ó ní, "Màmá, mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé ni.

Olójú Ńlá. Ọmọ tó kéré jù lọ nínú àwọn tó ti lè dá rìn, tó ń wo gbogbo ayé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ìyá kan ń ki ọmọ rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin tó ń ràn mí lọ́wọ́ ń so bàtà fún òmíràn, èmi ń nu tábìlì. Mo gbé ojú sókè. Olójú Ńlá ti gun àpótí tí ìgò wà lórí rẹ̀, ó ti tẹ̀ ẹ́ sọ́wọ́, ó ń lá a. Ó lá àtẹ́lẹwọ́, ó fa ìka mu lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe ń sáré bọ̀, ó ti fi ẹnu sí pọ́ǹpù.

Ta ló máa dá a lẹ́bi? Ó láwọ̀ ohun mímu. Ó ń ta sánsán bí ohun mímu. Èmi ni mo gbé e sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó.

Mo fi omi ṣan ẹnu rẹ̀, mo pe ìyá rẹ̀, mo gbé e, mo gbé ìgò, a lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà kò bi mí ní ìbéèrè ju méjì lọ: báwo ló ṣe mu tó, kí ló wà nínú rẹ̀. Ti àkọ́kọ́, mo ní kò lè ju ẹ̀kún ṣíbí lọ. Ti ìkejì, mo na ìgò sí i. Ó yí i ká bí Bàbá Ìbejì ṣe yí i ká. Ó ní, "Ìyá, kò sí nǹkan kan níbí." Nítorí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ni wọ́n ṣe dá ọmọ náà dúró títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń wo ojú rẹ̀, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń mí, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Òun ń ṣeré pẹ̀lú bàtà nọ́ọ̀sì.

Ìyá rẹ̀ dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ báǹkì lọ́rùn. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní, "Màmá, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti máa ń fọkàn balẹ̀ tẹ́lẹ̀." Ó ní "tẹ́lẹ̀."

Wọ́n ní kí wọ́n gbé e padà wá láàárọ̀ ọ̀la.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ara rẹ̀ le. Ìyá rẹ̀ pè, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn: ara rẹ̀ le, kò ní í wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ ṣeun. Ó pa fóònù.

Ọpẹ́ ni. Ọpẹ́ ni. Mo jókòó sórí ìjókòó àwọn ọmọdé, èyí tó kéré tó jẹ́ pé orúnkún mi kan àgbọ̀n mi, mo sunkún díẹ̀.

Mo ti gbé ìgò náà kúrò, mo tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọṣẹ àti omi la ń lò. Dókítà náà sọ ọ́ pé bí omi bá wà nítòsí, kí ni mò ń fi nǹkan mìíràn ṣe fún ọmọdé? Mo gbé bàsíà sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ilẹ̀ ti di odò.

Ìgbín kọjá lójú títì, ó juwọ́. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ó tún juwọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Bàbá Ìbejì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, kò fi fóònù sọ ọ́. Ó dúró dìgbà tí wọ́n fi wá kó gbogbo ọmọ lọ. Ó ní ọtí tó wà nínú rẹ̀ kò tó pa kòkòrò kan. Omi ló pọ̀ jù níbẹ̀, àti nǹkan tó ń mú un ki, àti àwọ̀, àti lọ́fíńdà. Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan, ẹ̀tàn lásán ni. Ṣùgbọ́n díẹ̀ tó jẹ́ ọtí nínú rẹ̀, apá kan rẹ̀ kì í ṣe ọtí tó yẹ kó kan ara èèyàn. Irú èyí tí wọ́n fi ń po ọ̀dà ni. Ó ń gba ara wọlé. Bí èèyàn bá mu ún tó pọ̀, ó lè fọ́ èèyàn lójú. Bó bá jẹ́ ọmọdé, ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀.

Mo bi í pé Olójú Ńlá ńkọ́? Ó ní òun ti bá dókítà sọ̀rọ̀, ohun tó lá kéré, ewu ti kọjá. Ó ní òun gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí, iṣẹ́ òun ni. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Màmá, àwọn ìjọba á lọ bá ẹni tó tà á fún yín. Bóyá ẹ máa fẹ́ kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀."

Bàbá Ìbejì kì í ṣe ọmọdé. Ó mọ ohun tí Rédíò ń sọ ká nípa èmi àti Ìgbín.

Ohun tó ń já mi láyà kì í ṣe kí n sọ fún Ìgbín. Ohun tó ń já mi láyà ni kí n sọ fún un, kí n sì rí i lójú rẹ̀ pé ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo lọ. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ láti ilé. Bí mo ṣe wọlé, ó gbé aṣọ tó fi ń nu eruku sílẹ̀, ó ní, "Ìyá Jẹ́lé, mo rò pé mo ṣẹ̀ yín ni." Gbogbo ohun tí mo tò túká. Mo kàn tú u jáde bó ṣe wà — ìgò, ọmọ, ilé ìwòsàn, ọ̀dà.

Wọ́n ní bí iná bá ń jóni tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là ń kọ́kọ́ gbọ̀n. Ọkùnrin yìí kò gbọn tara rẹ̀. Ó di orí káńtà mú. Ó ní, "Ọmọ náà ńkọ́?"

Mo ní ó wà dáadáa. Ó ní, "Ẹ tún un sọ." Mo tún un sọ.

Mo wá béèrè. Mo ní, "Ṣé ẹ mọ̀?"

Ó ní rárá. Ó ní òun náà ń fi pa ọwọ́, òun fún ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ní ìgò kan. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi: ó sán bíi tèmi. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n mi ò béèrè. Ọkùnrin kan dá ọkọ̀ dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, ọjà rẹ̀ ń dán, ó dín sí ti ibi tí mo ti ń rà á tẹ́lẹ̀. Mo wo àwọ̀ rẹ̀. Ojú ni mo fi rà á, mi ò fi làákàyè rà á. Àìmọ̀ mi kò sì ní kí májèlé má ṣe iṣẹ́ rẹ̀."

Kò bẹ̀ mí. Kò ní Ọlọ́run ló mọ̀. Ó yíjú sí pẹpẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn kúrò. Ìgbín! Mi ò rí i kó yára bẹ́ẹ̀ rí. Ó tì wọ́n mọ́ yàrá ẹ̀yìn, ó fa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wálẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ọjà ń yá jù. Ó ní, "Èyí tó wà níbí kì í ṣe ìṣòro. Èyí tó ti jáde ni."

Ó mọ gbogbo ẹni tó rà á. Ẹni tó ń béèrè orúnkún lọ́wọ́ oníbàárà kì í gbàgbé oníbàárà.

Mo ní màá bá a lọ. Ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ wá. Ìtìjú mi ni, ẹ jẹ́ kí n dá a rù." Mo ní, "Ilé mi ni ọmọ ti lá a. Ẹ wọ bàtà yín."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ẹsẹ̀ mi! Láti àná la ti ń kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá dá ìgò padà, Ìgbín á fún un ní ọṣẹ méjì, á sì ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kò gé e kúrú níbì kankan: mo ta ohun tí kò dára fún yín, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé e fún mi.

Ọ̀pọ̀ ló dúpẹ́. Onígbàjámọ̀ ti da tirẹ̀ sínú ìgò ìfọ́nmi, ó ń fọ́n ọn sí orí àwọn èèyàn lẹ́yìn tó bá gẹrun wọn tán. Ó ní lóòótọ́ ni orí ń yún wọn, òun rò pé abẹ òun ni, òun ti ra abẹ tuntun. Bàbá àgbà kan kò fẹ́ gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Orúnkún ló ń fi pa, orúnkún náà sì ti ń gbọ́ràn. Ìgbín jókòó tì í, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ orúnkún títí mo fi tòògbé lórí àga. Nígbà tí mo jí, ìgò ti wà lọ́wọ́ Ìgbín.

Ọkùnrin kan bú u. Ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe, ọmọ rẹ̀ mẹ́rin ló wà lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ṣé ẹ fẹ́ pa wá nítorí èrè ni?" Ó pariwo tó jẹ́ pé fèrèsé ń ṣí lókè lódìkejì. Ìgbín dúró, ó jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó ní, "Ẹ ò parọ́. Ẹ gbé e fún mi." Ọkùnrin náà gbé e fún un. Kò gba ọṣẹ. A ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo rí i pé ojú Ìgbín pọ́n bí ata. Mo di apá rẹ̀ mú. Àtẹ̀gùn náà ga, ẹnikẹ́ni lè di apá ẹnikẹ́ni mú.

Mo rò pé ilé Rédíò ló máa rọrùn jù. Ó ní òun ra méjì, òun ti lo ọ̀kan tán, ìkejì wà nínú fíríìjì. Nínú kí ni? Ó ní ìgò rẹ̀ ń jò, òun ti dà á sínú ìgò ohun mímu, ó sì máa ń tu òun lára bó bá tutù. Ó ṣí fíríìjì. Ó wà níbẹ̀, láàárín wàrà àti ìgò omi, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó dára lójú. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Rédíò wò ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò rí nǹkan kan sọ.

Kò pẹ́, ó rí i. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti dé gbogbo òpópónà, ó ń kan ilẹ̀kùn tí àwa ò tíì dé. Ẹnu rẹ̀ gba ìgò padà ju ẹsẹ̀ wa lọ. Mo máa rántí èyí nígbà mìíràn tó bá ń bí mi nínú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Àwọn ìjọba dé. Wọ́n kó gbogbo ìgò lọ, wọ́n fi ìwé pupa dí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pa títí wọn á fi wádìí tán. Ìgbín ṣàlàyé ọkọ̀ náà fún wọn — àwọ̀ rẹ̀, ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ohùn ọkùnrin náà. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún un pé òun ni oníṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tó ti kó ọjà padà kí àwọn tó dé. Ìgbín ní òṣìṣẹ́ náà sọ ọ́ bí ẹni tí kò gbà á gbọ́.

Ìyá kan sọ fún mi lẹ́nu géètì pé ó yẹ kí n jìnnà sí ọkùnrin yẹn, nítorí orúkọ ilé mi. Mo ní mo gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Olójú Ńlá padà wá! Ó wọlé bí ọba, ó lọ tààrà síbi bàsíà, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́.

Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó ní, "Màmá, bàbá yẹn wá sílé mi lọ́jọ́ Àìkú." Mi ò mọ̀. Kò sọ fún mi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ń ro wá yẹn ni, lẹ́yìn tí mo ti wọlé lọ gbé ẹsẹ̀ sínú omi gbígbóná. Ìyá Olójú Ńlá ní Ìgbín kọ̀ láti jókòó. Ó ní òun ló ta ohun tí ọmọ náà lá, ká má dá Ìyá Jẹ́lé lẹ́bi, òun ni kí wọ́n bínú sí.

Mo ní kí ló wá sọ fún un.

"Mo ní mò ń bínú sí i. Mo ṣì ń bínú sí i, Màmá. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ." Ó tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe. "Ẹ̀yin náà, ẹ má gbé nǹkan síbi tí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́."

Mo ní mo gbọ́, mo sì dúpẹ́. Ó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ó lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ dára láti wò bó ṣe ń lọ láìwẹ̀yìn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Bàbá Ìbejì ní wọ́n ti rí ibi tí wọ́n ti ń po nǹkan náà: yàrá kan lẹ́yìn ìlú, kẹ́ẹ̀gì, lọ́fíńdà, agolo ọ̀dà tí wọ́n fi ń bù ú. Wọ́n ti mú ọkùnrin ọlọ́kọ̀ náà. Ẹ̀wẹ̀, wọ́n ti yọ ìwé pupa kúrò lára ṣọ́ọ̀bù.

Ọwọ́ mi ti ń sàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ikọ́ àwọn ọmọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn káńtà, ó ń fi awò ojú ka ohun tí wọ́n kọ sára gbogbo ọjà tó wà lórí pẹpẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé ara ìṣáná. Mo wọlé, mo ra ìṣáná. Mo ní kó ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi. Ó kà á. Ó pẹ́ ká tó lè dá ẹ̀rín dúró.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ọmọbìnrin mi dé pẹ̀lú àpò kékeré àti ojú agbẹjọ́rò. Rédíò ti bá a sọ̀rọ̀ nípa èmi àti Ìgbín lórí fóònù, mi ò béèrè ibi tó ti rí nọ́ńbà rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ pè é wá kí n rí i."

Ó wá. Ìgbín jókòó sí etí àga. Ọmọ mi kí i dáadáa, ó kúnlẹ̀, mi ò lè fi ẹ̀sùn kàn án. Ó wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, jẹ́jẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ká ní Màmá mi ò wá sọ fún yín ńkọ́?"

Mo fẹ́ dá sí i. Ìgbín gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, pé kí n jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ó ronú sí i bó ṣe máa ń ronú sí gbogbo nǹkan.

Ó ní, "Màá ṣì máa tà á, ọmọ mi. Ohun tó ń jí mi lójú oorun nìyẹn."

Ọmọ mi dìde, ó lọ gbé tíì wá.

Nígbà tí Ìgbín lọ, èmi àti ọmọ mi jọ ń fọ ife. Mo dúró de ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó fi aṣọ nu ife kan títí ó fi gbẹ dé ìdí. Ó ní, "Màmá, mo wá láti bá a jà. Kò wá fún mi ní ohun tí màá fi bá a jà." Ó gbé ife náà kọ́. "Kò parọ́. Mo rò pé ó máa parọ́."

Ọjọ́ Àìkú, ọgbọ̀njọ́

Ọmọ mi lọ pẹ̀lú ọkọ̀ ọ̀sán. Oòrùn tí kò le, afẹ́fẹ́ díẹ̀. Ìgbín wá jókòó sórí ògiri kúkúrú ọgbà, mo jókòó tì í.

Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan, ó fi í sílẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn òun tí òun ti fẹ́ bá mi sọ kí ọ̀rọ̀ ìgò yìí tó ṣẹlẹ̀. Ó ní ṣùgbọ́n báyìí, ó yẹ kí òun ní sùúrù ná. Àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ òun. Àwọn kan ò tíì padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí òun jẹ́ kí àdúgbò kọ́kọ́ gba òun gbọ́ padà, bó tilẹ̀ gba ọdún kan, bó tilẹ̀ gba méjì. Kò yẹ kí òun fa orúkọ mi wọ inú ẹrẹ̀ tí òun ṣì ń yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú rẹ̀.

Mo gbọ́ ọ tán. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ti jinná.

Mo ní, "Bàbá Oníṣọ́ọ̀bù, ṣé àdúgbò lẹ fẹ́ fẹ́ ni?"

Ó wò mí. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó bẹ̀rẹ̀ láti ikùn tó fi gun gbogbo ara rẹ̀ dé ojú. Ó ní rárá o. Kì í ṣe àdúgbò.

Mo ní, "Ó dáa. Ẹ béèrè nígbà náà."

Ó béèrè. Kò falẹ̀ rárá.

Mo jẹ́ hẹ̀n-ẹ́n. Mo wọlé lọ gbé ìkòkò kaná, mo sì gbọ́ ọ lẹ́yìn mi tó ń fa àga sún mọ́ tábìlì.